Òṣùwọ̀n Ni Ọ̀gá: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ tó Fẹ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Àwòṣe Ọkọ̀ Ogun

Àwòṣe ni ohun kékeré tí a wo ohun ńlá kan ṣe, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sì dín kù ní ìwọ̀n kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ohun ńlá náà yóò dá a mọ̀ lára kékeré láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Nínú oríṣiríṣi àwòṣe tó wà, ti ọkọ̀ ogun, ìyẹn ọkọ̀ tí a fi irin tó nípọn bò kí ọta ìbọn má baà wọ inú rẹ̀, wà lára èyí tó ń dán ọwọ́ oníṣẹ́ wò jù, nítorí pé ara rẹ̀ kún fún páànù tó dagun, igun tó mú, àti ohun kéékèèké tó pọ̀. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe é. Èkíní ni kí a ra páálí tí ilé-iṣẹ́ bíi Tamiya ti Japan ti kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí, kí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èkejì ni kí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ wọn ọkọ̀ náà, kó yà á, kó gé e, kó sì tò ó pọ̀ láti inú ohun tó rí ní àyíká rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ìmọ̀ràn yìí dá lé, nítorí òun ló wà ní ìkáwọ́ ọ̀dọ́ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà àti Èrúwà dé Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Igangan. Ọmọ tó ti fi agolo mílíìkì àti rọ́bà sílípáàsì ṣe mọ́tò rí ti ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ohun tó kù fún un ni òfin tó ń sọ ohun ìṣeré di iṣẹ́ ọnà.

Òfin àkọ́kọ́, tí gbogbo òfin yòókù ti jáde wá, ni pé òṣùwọ̀n ni ọ̀gá. Òfin yìí kò rọrùn fún ojú tí ọnà Yorùbá ti tọ́ dàgbà. Nínú ère ìbejì, tí kò ṣàjèjì rárá ní ilẹ̀ tí Igbó-Ọrà wà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, agbẹ́gilére kì í fi orí ṣe ìdá kan nínú méje gíga ara bó ti rí lára ènìyàn. Ó máa ń fi ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí kó tilẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí pé orí ni àyànmọ́ wà, iyì tí ó tọ́ sí orí ló sì ń sọ bí yóò ti tóbi tó. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Nínú àwòṣe, ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹ̀yà tí iyì rẹ̀ ju ti èkejì lọ. Ìdí tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń kùnà ni pé ìbọn ló wù wọ́n jù lára ọkọ̀ náà, wọn a sì ṣe ìbọn gùn, wọn a mú un nípọn, ilé rẹ̀ a tóbi, táyà a sì kéré lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa gbọ́dọ̀ gbà tọkàntọkàn pé ohun tó wu òun kò ní àṣẹ lórí ìwọ̀n, àfi ohun tó wà lára ọkọ̀ gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan ọkọ̀ tí a ó ṣe. Kò yẹ kí akọ́ṣẹ́ fi táńkì bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀wọ̀n irin tí táńkì fi ń rìn, tí awẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó sì gbọ́dọ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀, lè sú u kó tó dé ìdajì. Ọkọ̀ tó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ ni Ferret, ọkọ̀ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Daimler ṣe ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1952 títí di 1971. Kì í ṣe àjèjì sí ìtàn wa, nítorí pé òun àti Saladin, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ìbọn rẹ̀ jẹ́ 76 mm, wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lò nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní July 1967 tó sì parí ní January 1970. Ènìyàn méjì ló ń wọ Ferret, awakọ̀ àti ọ̀gá ọkọ̀. Ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4. Páànù ara rẹ̀ sì tẹ́jú níbi tó pọ̀ jù, èyí tí yóò jẹ́ kí ẹni tó ní rúlà àti abẹ nìkan lè gé e.

Ferret tó ní ilé ìbọn, ìyẹn àgọ́ irin kékeré orí ọkọ̀ tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lú ìbọn inú rẹ̀, gùn tó 3.84 m, ó fẹ̀ tó 1.91 m, ó sì ga tó 1.88 m. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ àwòṣe ọkọ̀ ogun lò jù káàkiri ayé ni 1/35, ìyẹn pé a pín gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá sí ọ̀nà márùndínlógójì, a sì mú ìdá kan. Nípa bẹ́ẹ̀ Ferret yóò gùn ní nǹkan bíi 11 cm. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé gbogbo rẹ̀, 1/10 ló sàn jù fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ kò ju kí a sún àmì ìdá lọ sí apá òsì: gígùn di 38.4 cm, fífẹ̀ di 19.1 cm, gíga di 18.8 cm. Àǹfààní kejì ni pé àṣìṣe mìlímítà kan, tó lè ba ojú iṣẹ́ 1/35 jẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú 1/10. Kí oníṣẹ́ tún gé àwòrán ènìyàn kan láti inú páálí, kí gíga rẹ̀ jẹ́ 17.5 cm, èyí tó dúró fún ẹni tó ga tó 1.75 m, kí ó sì máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà nígbà gbogbo. Bí ẹni páálí yìí kò bá lè gba ẹnu ihò orí ọkọ̀ wọlé, ihò náà kéré jù nìyẹn.

Ibi tí ìwọ̀n yóò ti wá ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì níbí: ọ̀dọ́ kankan kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ọkọ̀ ogun ní bárékè tàbí ní ibi tí sọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, nítorí òfin àṣírí ìjọba tó ti wà láti 1962 ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn ibi tí a dáàbò bò, kò sì sí àwòṣe tó tó ohun tí a ń torí rẹ̀ wọ wàhálà. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ti ìjọba àpapọ̀ ní Umuahia, tó ti ṣí sílẹ̀ láti 1985, ni ibi tó tọ́ láti lọ, nítorí pé ìta gbangba ni wọ́n to ọkọ̀ ogun sí fún àwọn olùbẹ̀wò. Kí ẹni tó bá débẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tí kò bá lè lọ yóò fi fọ́tò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó mú fọ́tò tí a dúró lókèèrè yà, tó sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbọọrọ, nítorí pé fọ́tò tí a yà nítòsí ń mú kí iwájú tóbi ju ẹ̀yìn lọ. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ohun kan tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ lójú ayé ni a ó fi wọn ìyókù: táyà Ferret, tí òró rẹ̀ láti etí dé etí súnmọ́ 90 cm, lè di ọ̀pá ìwọ̀n tí a ó fi mọ gíga ẹnu ọ̀nà, àyè tó wà láàrin ẹsẹ̀ méjì, àti ibi tí páànù ti dagun.

Ìwọ̀n tí a bá kó jọ, orí pépà ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ojú mẹ́ta ni a ó ya ọkọ̀ náà sí, ojú iwájú, ojú ẹ̀gbẹ́ àti ojú òkè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ yíya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ìwé, kí ìlà tó wà ní ojú kan sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu ní ojú kejì. Páànù tó dagun ni ó máa ń tan akọ́ṣẹ́ jẹ: gígùn rẹ̀ tó hàn ní ojú òkè kì í ṣe gígùn rẹ̀ gidi, àfi kí a wọ̀n ọ́n láti ojú ẹ̀gbẹ́ níbi tí ìdagun náà ti hàn. Ẹni tó bá fo ìpele yìí nítorí ìwàǹwára yóò san gbèsè rẹ̀ nígbà tí páànù kò bá pàdé ara wọn mọ́.

Ohun èlò kò wọ́n ní àyíká wa. Páálí bàtà tó le, àgékù PVC tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, agolo, rọ́bà sílípáàsì, ìfun báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, àti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan fún ọ̀pá rédíò, ó tó bẹ̀rẹ̀. Irin ara Ferret nípọn láti 6 mm dé 16 mm, èyí tó di 0.6 mm sí 1.6 mm nínú àwòṣe 1/10. Nítorí náà páálí tó tó 1 mm yóò sọ òtítọ́ níbi tí etí páànù bá ti hàn. Bí a bá ń gé e, a kì í tẹ abẹ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Rúlà onírin ni a ó fi tì í, a ó sì fa abẹ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Etí agolo mú ju abẹ lọ, kí a fi sánpépà pa á kí ọwọ́ tó kàn án. Gáàmù tí òórùn rẹ̀ le sì yẹ ní ìta tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Kí a tó lẹ páànù ìta, egungun inú ni a ó kọ́kọ́ tò, ìyẹn àwọn páálí tó dúró gbọọrọ nínú ara ọkọ̀, tí yóò mú kí igun rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin máa ń mú páálí wọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni kí a fi sílà tí àwọn káfíńtà ń lò kun inú àti ìta rẹ̀ bákan náà, nítorí pé páálí tí a kun ní ojú kan ṣoṣo yóò tẹ̀ sí apá kan bó bá gbẹ. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ ni a ó gé pọ̀ láti inú rọ́bà kan náà, kí a fi bóòtù kan gún gbogbo wọn láàrin, kí a dè é mọ́ dírílù, kí a sì fi sánpépà pa á bó ti ń yí, títí gbogbo wọn yóò fi rí bákan náà. Táyà tí kò dọ́gba ń mú kí gbogbo ọkọ̀ dà bí ẹni tó ń tiro, kò sì sí ọ̀dà tó lè bò ó.

Nígbà tí ara ọkọ̀ bá pé tó sì tọ́, nígbà náà ni ohun kéékèèké tó kàn. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Justus Akeredolu ti Ọ̀wọ̀ ti sọ gbígbẹ́ ẹ̀gún igi di ère kékeré di ọnà tí a mọ̀ láti àwọn ọdún 1930. Òwú ìránṣọ tí a rì sínú gáàmù funfun ni yóò dúró fún ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, a ó sì fi ìṣó gún ẹ̀yìn páànù agolo díẹ̀díẹ̀ kí orí bóòtù lè yọ lójú rẹ̀. Ẹnu ìbọn Ferret jẹ́ 7.62 mm, ihò tí kò tó 1 mm nínú àwòṣe. Ìfun báírò lè dúró fún ìbọn náà, bí a bá dín ihò rẹ̀ kù.

Ọ̀dà tó ń dán kò yẹ ọkọ̀ ogun. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri, tí a po mọ́ra di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, sàn jù, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fi ọ̀dà olóròóró tẹ́ páànù agolo kí èyí tó wà lókè má baà bó. Kí a fi funfun díẹ̀ sí i, nítorí àwọ̀ tó tọ́ lára ohun ńlá máa ń dúdú jù lára ohun kékeré. Erùpẹ̀ pupa Ìbàràpá tí a fi aṣọ sẹ́ dáadáa, tí a pò mọ́ omi àti gáàmù díẹ̀, ni a ó fi kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ táyà, kì í ṣe orí ilé ìbọn, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti ta erùpẹ̀ dé nìkan ni erùpẹ̀ ń wà.

Ẹni tí Ferret bá ti yọrí sí rere lọ́wọ́ rẹ̀ lè wá kojú iṣẹ́ tó le jù, èyí tí í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Red Devil, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Biafra, ìhà tó bá ìjọba àpapọ̀ jà, fi páànù irin àti ẹ̀rọ ọkọ̀ tí wọ́n ní lọ́wọ́ ṣe ní àkókò ogun abẹ́lé náà, tó sì wà ní Umuahia títí di òní. Àwọn tó ṣe é kò rí ọkọ̀ rà, wọ́n sì fi ohun tó wà nílẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ọ̀nà kan náà yóò kọ́ ìtàn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí pé ní Òde-Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, ilé-iṣẹ́ Proforce ń ṣe ọkọ̀ ogun gidi, ẹni tó bá sì lè ya ojú mẹ́ta, tó lè wọn ìdagun páànù, tó sì lè tò ó kó pàdé, ti ń fi ohun kékeré kọ́ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè.

Kí ọ̀dọ́ oníṣẹ́ má gbàgbé pé ọkọ̀ wọ̀nyí gbé ènìyàn lọ sójú ogun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí bá lọ, ní ìhà méjèèjì. Nítorí náà kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, kò sì yẹ kí a fi irọ́ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Kí olúkúlùkù kọ ìwọ̀n tó lò sí abẹ́ pátákó tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé, pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún tí wọ́n lò ó, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tí a lè fi rúlà yẹ̀ wò, tí kò sì yẹ̀, ni iṣẹ́ tó yè kooro.