Boerboel: Ìwà Ajá Àgbẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nínú Oko

Láti ìgbà tí olè ti ń fi òru bojú wọ ọgbà ẹran, tí ó ń fi wákàtí kan kó ohun tí àgbẹ̀ fi oṣù mẹ́fà bọ́, ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń sin adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ ti ń béèrè lọ́wọ́ wa nípa ajá olórí rìbìtì, aláyà gbàràgàdà, tí wọ́n ń pè ní Boerboel, èyí tí àwọn tí ń ta ajá ní Èkó àti Ìbàdàn ń yìn bí ẹni ń yin ọba. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi owó yín lélẹ̀ ni pé ajá yìí kì í ṣe àgádágodo tí a ń rà, tí a ń fi ti ilẹ̀kùn, tí a sì ń gbàgbé síbẹ̀. Ará ilé ni, ìgbà tí ó bá sì ti mọ àwọn tí í ṣe tirẹ̀ ni yóò tó lè mọ ẹni tí í ṣe àlejò.

Ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni orírun rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú orúkọ rẹ̀, nítorí pé “boer” ní èdè Afrikaans túmọ̀ sí àgbẹ̀. Àwọn Òyìnbó Holland tí Jan van Riebeeck ṣáájú wọn gúnlẹ̀ sí Cape ní 1652 kó ajá ńlá dání wá láti ilé. Ìran àwọn ajá wọ̀nyí dàpọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ náà àti mọ́ ti àwọn tí ó dé lẹ́yìn, títí àwọn àgbẹ̀ fi ṣí lọ jìnnà sí inú ìgbẹ́, níbi tí kò sí aládùúgbò tí ó lè gbọ́ igbe ẹni, tí ó sì di dandan fún wọn láti ní ajá tí yóò dúró de àmọ̀tẹ́kùn lóru, tí yóò sì jẹ́ kí ọmọ jòjòló fà á létí lọ́sàn-án. Ní 1983 ni àwọn tí ń sìn ín dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Senekal ní Free State, kí ìran náà má bàa pòórá. Akọ rẹ̀ a máa ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70 ní èjìká, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa wúwo ju kílò 60 lọ, èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ìwà rẹ̀ kò jọ ti ajá tí ń gbó gbogbo ewé tí ó bá mì. Bí àgbàlagbà ni ó ń ṣe: yóò dùbúlẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ ti tó ẹnu ọ̀nà, bí àjèjì bá yọ, yóò dìde láìgbó, yóò rọra rìn wá dúró sí àárín àjèjì náà àti ọmọ ilé, yóò sì wo ojú olówó rẹ̀ láti mọ ohun tí ó kàn. Nínú wíwò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ṣíṣọ́ rẹ̀ wà. Ajá tí ó lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Èyí tí a so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, tí a ń ju oúnjẹ sí láti òkèèrè, tí a ń ro ata mọ́ oúnjẹ rẹ̀ kí ó lè rorò, kò ní ẹnì kan lẹ́yìn, ìbẹ̀rù àti ìbínú ni ó kù fún un, ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n bá sì já, kì í ṣe olè ni yóò kọ́kọ́ bá. Mo rí irú rẹ̀ rí lábẹ́ páànù ní oko adìẹ kan: ẹ̀wọ̀n ti jẹ ọrùn rẹ̀ wọ inú ẹran, eégbọn tò sí àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ àgbàdo ti ń tò lára ṣùkù, ẹni tí ó ni ín sì ń ṣàròyé fún mi pé ajá òun kò mọ òun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí pé ajá náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹni tí kò sin ajá rí, tàbí tí kì í gbé oko, kí ó má rà á. Fún oko kékeré, ajá ìbílẹ̀ wa méjì tí ń gbó dáadáa tó.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù lọ, ohun tí ó bá sì rí nígbà náà tí kò pa á lára kì í sábà bà á lẹ́rù mọ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ gbé e mọ́ra káàkiri: kí ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta, kí ó rí ọlọ́kadà, ọkùnrin tí ó wọ agbádà, obìnrin tí ó ru igbá, ọmọ ilé ìwé tí ń sáré. Ṣùgbọ́n gbígbé ni kí ẹ gbé e. Ẹ má sọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ajá àjèjì ti ń rìn títí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ yóò fi pé, nítorí àrùn parvo, tí ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kí ó sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà, tí a ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra wọn títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3, ẹ sì bi dókítà ẹran ní ọjọ́ tí ẹ óò tún un gún, kí ó má yẹ̀. Ẹ fún un ní oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi pé oṣù 3.

Níbi oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń fi ìfẹ́ ba ajá jẹ́. Ní oko ẹlẹ́dẹ̀ kan tí mo dé, wọ́n ń rọ ọmọ Boerboel oṣù 5 yó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, wọ́n tún ń fi oògùn kálísíọ́mù lé e, kí ó lè tètè di kìnnìún. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, oríkèé rẹ̀ ti wú, bí ó bá sì fẹ́ dìde, yóò kọ́kọ́ kérora. Egungun ajá ńlá kì í gbó tán kí ó tó pé oṣù 18 sí 24. Bí ẹran ara bá sáré ju egungun lọ, egungun ni yóò wọ́, kálísíọ́mù tí a fi kún un a sì tún máa da ìdàgbà egungun náà rú. Ẹ máa fi ọwọ́ kan ìhà rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ó yẹ kí ìka yín lè ka egungun ìhà náà bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́, bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó rí i, ó ti sanra jù.

Bí ó bá dàgbà, ẹ pín oúnjẹ rẹ̀ sí ìgbà méjì lóòjọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó sáré lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ikùn irú ajá bẹ́ẹ̀ lè wú, kí ó sì lọ́ mọ́ra. Bí ikùn rẹ̀ bá le bí ìlù, tí ó ń fẹ́ bì tí nǹkan kan kò jáde, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Àgbo kò ràn án. Abẹ́ igi ni kí ẹ fi ṣe ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe abẹ́ páànù, kí omi tútù má sì wọ́n ọn, nítorí mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara, kì í làágùn bíi tiwa.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ìbáà ṣe tiyín, ìbáà ṣe ti ẹlòmíràn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì mú onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí a tó rí ẹni tí ó yè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko, tí òmíràn ń lọ tí òmíràn ń dé. Bí ẹni tuntun bá dé, kí olóko fúnra rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ajá náà lọ́sàn-án gangan, kí ó gbé àwo oúnjẹ lé e lọ́wọ́, kí ó dúró tì í, kí ó sì pe ajá náà ní orúkọ, ìbáà jẹ́ òwe ni ó fi sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí òṣìṣẹ́ náà má sì dá wọ ọgbà lóru títí ajá yóò fi máa ju ìrù sí i láti òkèèrè.