"Ìfúntí" ní Àfonífojì Douro: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Ọtí Àjàrà fún Olùkọ́ Èdè

Ìfáàrà

Láti ìgbà tí odidi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá ní 1884 ni ọ̀rọ̀ náà "ìfúntí" ti wà lẹ́nu oníwàásù àti olùkọ́. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ hàn gbangba: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-", ọ̀rọ̀-ìṣe "fún" àti ọ̀rọ̀-orúkọ "ọtí", tí ìpajẹ fáwẹ̀lì sì so méjì tó kẹ́yìn pọ̀. Ohun tó ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú ni pé nínú Bíbélì kan náà, "tẹ̀" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá ìfúntí rìn. Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un ni, àbí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́? Bí olùkọ́ bá dáhùn pé ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí ni, ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Ọtí bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń pọn. Ẹmu ni wọ́n ń dá lórí ọ̀pẹ. Ọtí àjàrà kò sí nínú méjèèjì. Àbẹ̀wò sí oko ẹbí tí ń ṣe ọtí náà ni ó lè tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí, irú oko bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní àfonífojì odò Douro ní àríwá orílẹ̀-èdè Pọ́túgà.

Àfonífojì náà

Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Porto ń tẹ̀lé etí odò lọ títí dé abúlé Pinhão, níbi tí àwọn táìlì aláwọ̀ búlúù ara ògiri ibùdókọ̀ ti ń fi àwòrán ìkórè àjàrà han àlejò. Òkè ni lọ́tùn-ún, òkè ni lósì. Wọ́n gé ara òkè wọ̀nyí bí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n sì to òkúta láìlo sìmẹ́ǹtì láti di ilẹ̀ mú. Àárín òkúta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni gbòǹgbò àjàrà ń gbà wá omi lọ. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí yóò mọ ohun tí gbígbé apẹ̀rẹ̀ èso lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà lára. Ní 1756 ni ìjọba Pọ́túgà pààlà sí agbègbè náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọtí ibòmíràn jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní 2001, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo àgbáyé. Síbẹ̀, àtẹ̀gùn kan wà tí kò sí àjàrà lórí wọn mọ́: kòkòrò fílọ́sẹ́rà, tó dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, ló sọ wọ́n di ahoro.

Nínú ìfúntí

"Lagar" ni àwọn Potogí ń pe ọpọ́n òkúta ńlá onígun mẹ́rin tí wọ́n ń da èso sí lẹ́yìn ìkórè oṣù kẹsàn-án. Gbogbo oko kọ́ ló ṣì ń lò ó, nítorí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí kan kò fi í sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò fọ ẹsẹ̀ wọn, wọn yóò wọ inú rẹ̀, èso yóò sì mù wọ́n dé itan. Wọn yóò fi apá kọ́ apá, wọn yóò tò ní ìlà, wọn yóò sì máa gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ogun, bí ẹnì kan ti ń ka ìṣísẹ̀ fún wọn. Èyí lè tó wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ni orin yóò bẹ̀rẹ̀, tí oníkálukú yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú. Àǹfààní ẹsẹ̀ ni pé ó ń fọ́ èso láìfọ́ kóró inú rẹ̀, nítorí kóró náà korò.

Ìwúkàrà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ adùn èso di ọtí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe sí ẹmu, gbogbo rẹ̀ yóò sì máa hó. Láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí adùn ṣì kù nínú rẹ̀, wọn yóò fa omi náà kúrò lórí èèpo, wọn yóò sì pò ó mọ́ ọtí líle tí wọ́n fi àjàrà sè: nǹkan bí lítà 115 sí lítà 435. Ọtí líle yìí ń pa ìwúkàrà, ìyókù adùn kò sì ní di ọtí mọ́. Bí ògógóró ti jẹ́ sí ẹmu ni òun náà jẹ́ sí ọtí àjàrà, "ògógóró àjàrà" sì lè jẹ́ orúkọ tó bá a mu. Bẹ́ẹ̀ ni ọtí Port ṣe ń wáyé. Èèpo tó ṣẹ́ kù nínú ọpọ́n kò lọ lásán. Wọn yóò kó o sábẹ́ ẹ̀rọ, wọn yóò fún un títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà, "tẹ̀" àti "fún" kò ta ko ara wọn: ẹsẹ̀ ló ń ṣe ìpele kìíní, fífún ló ń ṣe ìpele kejì.

Ẹbí àti orúkọ wọn

Láti inú lagar ni wọ́n ń mú àlejò lọ sí yàrá àgbá, níbi tí ọtí ń gbó sí nínú àgbá onígi tó lè gba lítà 550, lẹ́yìn náà sí ìdí tábìlì ìtọ́wò. Wọ́n máa ń gbé ohun èlò kan síbẹ̀ tí àlejò lè tu ọtí ẹnu rẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá tu ohun tí baálé fi ṣe é lálejò dá nǹkan sílẹ̀. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Títà tí ẹbí ń ta ìgò ọtí fún àlejò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti 1926 títí di 1986, Vila Nova de Gaia, tó wà ní òdìkejì odò sí Porto, ni òfin ní kí wọ́n ti máa kó ọtí Port lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ní ilé ìpamọ́ níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà lórí òkè yóò ta èso tàbí ọtí rẹ̀ fún wọn, orúkọ tiwọn ni yóò sì wà lára ìgò. Ìgbà tí òfin yí padà ní 1986 ni ẹbí lè ti inú oko wọn fi orúkọ ara wọn ránṣẹ́ sí òkèèrè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ṣì ń ta èso nìkan, nítorí pé àgbá, ìgò àti ọdún púpọ̀ tí ọtí fi ń gbó ń gba owó tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Olùkọ́ tí kò lè dé Pọ́túgà ní àpẹẹrẹ mìíràn nítòsí. Lagar kì í ṣe ti ọtí nìkan; orúkọ kan náà ni àwọn Potogí ń pe ibi tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nínú ẹkù tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, àwọn obìnrin a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tí wọ́n ti sè, wọn a sì tún fi ọwọ́ fún ìhá rẹ̀ kí epo tó tán lára rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti dúró létí ẹkù rí ti rí títẹ̀ àti fífún pa pọ̀, ibẹ̀ sì ni àlàyé "ìfúntí" ti lè bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì.