Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Inú Ọkọ̀: Èwo Ni Kí A Rà?



Ìdílé mẹ́ta nínú ìjọ wa níhìn-ín ní London ni wọ́n ti bi wá léèrè nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jeddah, nítorí pé a ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí a tó wá síbí. Wọ́n béèrè nípa owó oṣù, wọ́n béèrè nípa ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè nípa eruku. Bẹ́ẹ̀ ni eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun tí a fi òógùn ojú wa rà jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kékeré kan tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: asẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní éà fílítà.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn obìnrin láàyè láti wa ọkọ̀ ní Saudi Arabia. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwa obìnrin ń jókòó sí, ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sì kàn wá. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwa nọ́ọ̀sì mẹ́ta tí a jọ ń gbé ilé kan dá owó jọ, a ra Toyota Corolla àlòkù kan. Kristẹni ni àwa méjì. Ẹnì kẹta, ẹ̀gbọ́n wa tí ó jẹ́ ọmọ Ìwó, jẹ́ Mùsùlùmí, Alhaja ni a sì ń pè é. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò wà nínú owó tí a dá jọ náà, owó páànù ilé bàbá ẹnìkan nínú wa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ fi mú asẹ́ pupa kan jáde fún wa. Ó ní ìwé lásán ni èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ wa. Pé òwú tí a fi ọ́ìlì pa ni tòun. Pé ẹ́ńjìnnì yóò máa mí dáadáa, pẹtiróòlù kò ní tètè tán, fífọ̀ ni a ó sì máa fọ̀ ọ́, a kò ní ra òmíràn mọ́ láéláé. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ti oníwèé. A rà á. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan a fọ̀ ọ́, a sì da ọ́ìlì sí i lára bí ẹni ń fi àdí pa ọmọ ọwọ́. A rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dára tó.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Alhaja wa ọkọ̀ náà lọ sí Mẹ́kà fún Úmúrà. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Ó ti kọjá ẹnubodè ńlá tí wọ́n kọ́ bí Kùránì tí a ṣí sórí àga rẹ̀, nígbà tí iná kan tàn níwájú rẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já gìrì, ó sì kú. Ó pè wá lórí fóònù. A gbé takisí, ṣùgbọ́n a kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí òfin ni pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wọ Mẹ́kà. Níbi tí ọ̀nà ti pín ni a dúró sí nínú oòrùn, tí a ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wa, tí a kò sì lè dé ibi tí ó wà.

Ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ ni mẹkáníìkì kan tí ó ti Mẹ́kà wá, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Takarna, àtọmọdọ́mọ àwọn arìnrìn-àjò Haji láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ó gbọ́ Hausa, Alhaja náà sì gbọ́ díẹ̀. Ó ṣí àpótí asẹ́ náà. Ọ́ìlì ti ṣàn dé ara sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọlé. Ó fi ìka nu inú ọ̀pá tí ó wà lẹ́yìn asẹ́, níbi tí eruku kò gbọdọ̀ dé rárá. Ìka náà jáde bí ẹni tí ó tọ́ èlùbọ́ wò. Ó fọ sẹ́ńsọ̀ náà, ó fi asẹ́ oníwèé sí i, ọkọ̀ sì dìde. Ó wá sọ fún Alhaja pé: “Hájíyà, ohun tí wọ́n fi ń sáré ìje ni wọ́n tà fún ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́.”

KÍ NI IṢẸ́ ASẸ́?

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn. Kí ó tó lè jó lítà pẹtiróòlù kan, yóò fa nǹkan bí 9,000 lítà afẹ́fẹ́. Ní Jeddah, iyanrìn wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Ti aṣálẹ̀ ibẹ̀ ń bẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú náà, afẹ́fẹ́ tún ń gbé eruku láti Tokar ní Sudan kọjá lórí Òkun Pupa. Iyanrìn le ju irin ara sílíńdà lọ. Bí ó bá wọlé, yóò máa ha ara sílíńdà àti ríìngì písítínì díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ yóò fi máa jẹ ọ́ìlì, tí yóò sì máa yọ èéfín. Kò sí oògùn tí ń mú irin tí ó ti há padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí asẹ́ ní ni láti dí eruku lọ́nà. Ẹni tí ó bá ń yin asẹ́ nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ bi í léèrè eruku.

Ní ti owó pẹtiróòlù, ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 2009. Wọ́n rí i pé nínú ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, asẹ́ tí ó dí pàápàá kò mú kí epo tètè tán. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹná mọ́ ọkọ̀ ni kò ní yára bí ó ti yẹ. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní kábúrétọ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ hàn lára epo rẹ̀. Nítorí náà, ìlérí pé asẹ́ olówó ńlá yóò dín owó pẹtiróòlù kù kò dúró fún irú ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wà.

ORÍṢI MẸ́RIN TÍ Ó WÀ LỌ́JÀ

1. Ojúlówó, tí ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀. Ó bá àpótí rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó wọ́n díẹ̀.

2. Oníwèé láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kì í fi ọwọ́ ara wọn ṣe asẹ́. Àwọn bí Mann+Hummel àti Mahle ti Jámánì, tàbí Denso ti Japan, ń ṣe é fún wọn, wọ́n sì ń tà á lórúkọ tiwọn pẹ̀lú. Èyí kì í ṣe ayédèrú rárá.

3. Olówùú tí a ń fọ̀, irú èyí tí a rà. Ó ní ìwúlò fún àwọn tí ń sáré ìje, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú pẹ̀lú ìwọ̀n. Àṣìṣe tiwa ni pé a kò mọ ìwọ̀n.

4. Ayédèrú, tí ó wọ aṣọ ojúlówó. Ẹ sá fún un bí ẹ ti ń sá fún ayédèrú oògùn.

BÍ A TI Ń YÀN ÁN

Ní ọdún 2012, Jeddah ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn MERS lára aláìsàn. Ní ọdún 2014, ó bẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn ìlú náà. Nígbà tí a débẹ̀, dandan ni kí wọ́n dán ìbòmú wò lójú nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ìbòmú tí ó dára jù lọ ti di aṣọ lásán, nítorí ibi àlàfo náà ni afẹ́fẹ́ yóò gbà. Bákan náà ni asẹ́ rí.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà asẹ́ ọkọ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà etí rẹ̀ rọ̀, tí ó sì bá àpótí mu yípo, láìsí àlàfo kankan. Ẹ wò ó bóyá ìwé rẹ̀ ká dọ́gbadọ́gba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ṣí i, kí ẹ fi aṣọ funfun nu ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gbà. Bí ẹ bá rí eruku níbẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má máa ṣí i ní gbogbo ìgbà, nítorí asẹ́ tí ó ti gbé eruku díẹ̀ ń sẹ́ dáadáa ju èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí i. Ó lè ya ìwé náà ní ibi tí ojú kò rí. Ẹ tẹ̀lé ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì yára ju bí ó ti wí lọ níbi tí eruku bá pọ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé, tiyín nìyí pẹ̀lú. Asẹ́ tí ó ṣe ọdún méjì nínú òjò London kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ fi tuntun méjì sínú búùtù kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, oníwèé ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rà, Alhaja sì ni alábòójútó rẹ̀. Títí a fi kúrò níbẹ̀, Corolla náà kò jẹ ọ́ìlì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Kí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí asẹ́ afẹ́fẹ́ ní?

2. Èéṣe tí asẹ́ tí kò bá àpótí mu fi dà bí ìbòmú tí ó ní àlàfo?

3. Nígbà wo ni a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ilé wa kẹ́yìn, ta ni ó sì wò ó?

Kí Olúwa kí ó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.