Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Òjò Dídì Tó Ń Ya Lórí Òkè

Yìnyín tí Yorùbá mọ̀ a máa bá òjò líle wá, a sì máa yọ́ kí àwọn ọmọdé tó ṣà á tán. Nítorí náà, olùtumọ̀ tó bá pe ohun tó bo òkè Alps ní Switzerland ní yìnyín ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Yìnyín le bí òkúta; òjò dídì fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, a sì máa tò lé ara rẹ̀ ní ìpele ìpele fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bíbélì Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́.

Inú àwọn ìpele wọ̀nyí ni ewu wà. Nígbà mìíràn, ìpele òkè a dì pọ̀ gbagidi, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì rí bí ṣúgà tí hóró rẹ̀ kò di ara wọn mú. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó tó ìwọ̀n 30 digírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n ara ẹnì kan ṣoṣo lè fọ́ ìpele ìsàlẹ̀ yìí. Ìfọ́ náà yóò sáré tàn kálẹ̀, gbogbo pẹlẹbẹ tó wà lókè yóò sì ya lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a bá wá ní òjò dídì “já lulẹ̀”, òǹkàwé yóò rò pé òkè ló ti já lu ẹni ẹlẹ́ni, bí èso igi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú àwọn tí pẹlẹbẹ ń pa níbi tí kò sí ọ̀nà, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tó bá wọn rìn ló sábà máa ń fa ìyà rẹ̀. “Ya” ló bá a mu, bí bèbè odò ṣe ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ apẹja. Ìyalulẹ̀ òjò dídì ni kí a pè é. Ìpele ìsàlẹ̀ yẹn sì ni ìpele ẹlẹgẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo, tó sì ń ṣàn bí iyanrìn gbígbẹ, ìṣànlulẹ̀ ni.

Ìwọ̀n ewu ló ṣòro jù. Láti 1993 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ń lo ìpele ewu 5 kan náà. Ọ̀rọ̀ náà “ìwọ̀nba” yóò wu olùtumọ̀ fún ìpele 3, nítorí pé àárín ló wà. Àṣìṣe tó lè pànìyàn ni: ìpele 2 ni ìwọ̀nba. Ewu kì í fi ìṣísẹ̀ kan náà gòkè láti ìpele dé ìpele, fífò ló ń fò. Ní Switzerland, nǹkan bí ìdajì àwọn tó kú ló kú ní ọjọ́ ìpele 3. Ní ìpele 4 àti 5, ẹ̀rù a ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lórí òkè. “Ewu gidi” ni kí a kọ sí ìpele 3, kí “ewu ńlá” àti “ewu ńláǹlà” tẹ̀ lé e.