Ẹ̀kọ́: Ó mórí bọ́

Ẹ̀yin ará Akron, ẹ kà á sókè.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n kó epo kpayo sí ní Sèmè-Kraké. Èèyàn tó kú lé ní 30.

Ẹni tó tètè sá, ó yọ. Ẹni tí iná ká mọ́, tó jáde láàyè, ó mórí bọ́. Bí kò bá fara pa rárá, a ní orí ẹ̀ ló kó o yọ. A ó kí i pé: “Ẹ kú ewu iná!” Ìyá tó bímọ náà ńkọ́? “Ẹ kú ewu ọmọ!”

Ká yọ nínú ewu dára. Ká má kó sí i ló dára jù. Ẹ má tan fìtílà nítòsí epo kpayo o.

Ìbéèrè: Ewu wo lẹ ti bọ́ nínú ẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.