Samuel Sebastian Wesley, Ọmọ-ọmọ Charles Wesley

Bíbélì kíkà: 1 Peteru 1:3-25; Orin Dafidi 51



Kò sí ẹni tó wà nínú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kò mọ orúkọ John Wesley àti Charles àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ta ni Samuel Sebastian Wesley, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ń fi ohùn orin rẹ̀ yin Ọlọ́run láti ìgbà èwe wa. Òun ni ó ṣe ohùn orin tí wọ́n ń pè ní Aurelia, èyí tí a fi ń kọ orin Samuel John Stone nípa Jesu Kristi, ìpìlẹ̀ Ìjọ.

A bí i ní London ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ọdún 1810. Samuel, ọmọ Charles Wesley, ni bàbá rẹ̀. Atẹdùrù tó lókìkí ni òun náà. Ìfẹ́ tí bàbá yìí ní sí iṣẹ́ Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, ló mú kí ó sọ ọmọ náà ní Sebastian. Ìyá rẹ̀ ni Sarah Suter, tó ń tọ́jú ilé fún bàbá rẹ̀. Bàbá ti kọ ìyàwó tó fẹ́ níṣu lọ́kà sílẹ̀, kò sì gbé Sarah níyàwó títí ó fi kú ní 1837. A kò sọ èyí láti tú àṣírí òkú. Àwa ìyá mọ bí ẹnu ayé ti máa ń mú sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tó ń jẹ́ Wesley.

Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ akọrin ilé ìsìn ọba. Ní 1832, kí ó tó pé ẹni ọdún méjìlélógún, wọ́n fi í ṣe atẹdùrù Kàtídírà Hereford, ìlú kékeré kan lẹ́bàá ilẹ̀ Wales. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Àlùfáà ni àwọn àgbà ọkùnrin tó yẹ kí wọ́n máa kọrin níbẹ̀, wọ́n sì ní ìjọ mìíràn tí wọ́n ń bójútó. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá ti dé, wọn a tú ká. Nítorí náà, ní Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1834, àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tó ń kọ tírébù nìkan ni ó kù, pẹ̀lú báàsì kan ṣoṣo. Ìtàn fi yé wa pé báàsì yìí, ìránṣẹ́ ilé Díìnì ni!

Bí ó bá jẹ́ àwa ni, bóyá a ó ní kí akọrin jókòó jẹ́ẹ́, kí ìjọ kọ orin ìwé. Samuel Sebastian mú orí kìn-ín-ní ìwé Peteru kìn-ín-ní, ó sì fi ṣe áńtẹ́mù fún àwọn tó wà nílẹ̀. Ó fi ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàrin ará sí ẹnu ọmọdé. Níbi tí Peteru ti ní gbogbo ènìyàn dà bí koríko, orin náà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Lójijì dùrù bú jáde, gbogbo wọn sì gbé ọ̀rọ̀ Olúwa tó dúró láéláé sókè. Títí di òní ni àwọn akọrin ńláńlá ń kọ ọ́.

Ní 1835 ó fẹ́ Mary Anne Merewether, àbúrò Díìnì kan náà, wọ́n sì kó lọ sí Exeter. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Leeds láti 1842, ní Winchester láti 1849, àti ní Gloucester láti 1865. Nígbà tí àwọn ará Gloucester wá béèrè ìmọ̀ràn lórí ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́, ó dá wọn lóhùn pé òun fúnra òun yóò gbà á.

A kò ní sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń bá àwọn aláṣẹ Kàtídírà jà, ó sì fẹ́ràn fífi ìwọ̀ pẹja débi pé wọ́n bá a wí ní Winchester pé ó ń pa iṣẹ́ tì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1849 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, ó ní àwọn àgbà akọrin Kàtídírà kò gbọdọ̀ dín ní méjìlá, àti pé kí a máa san owó tó tó jẹun fún wọn. Wọn kò fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: nígbà tí ìjọ bá ń ṣe ètò ìnáwó, ibo ni orúkọ atẹdùrù tiwa máa ń wà? Ẹ jíròrò èyí nínú ìpàdé yín.

Ẹja pípa yìí náà ló fi ṣẹ́sẹ̀ ní oṣù kejìlá 1847 ní ilẹ̀ Yorkshire. Orí ibùsùn ni ó wà fún ìgbà pípẹ́, inú Orin Dafidi 51 ni ó sì ti mú ọ̀rọ̀ áńtẹ́mù rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá gbọ́ bí ohùn ti ń ro ara wọn lára níbi tí Dafidi ti dárúkọ egungun tí a fọ́, yóò mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn ló kọ ọ́.

Ní 1864 ni Aurelia jáde, fún orin mìíràn tó sọ̀rọ̀ nípa Jerusalẹmu oníwúrà. Ní 1868 ni wọ́n so ó mọ́ orin Stone. Ní 1872 ó tẹ ohùn orin tó pè ní Hereford, orúkọ ìlú tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ohùn yìí ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ orin tí Charles Wesley kọ ní 1762 lórí iná pẹpẹ tí kò gbọdọ̀ kú, nínú Lefitiku 6:13. Ọmọ-ọmọ tí bàbá-ńlá kò fojú rí, nítorí Charles ti kú ní 1788, ni ó wá bá a gbé orin rẹ̀. Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà sì ni Samuel Sebastian títí dé òpin.

Ní 1873 Gladstone, olórí ìjọba, ní kí ó yan ọ̀kan: oyè Sà tàbí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dọọdún. Owó ni ó mú. Ọjọ́ Kérésìmesì 1875 ni ó tẹ dùrù kẹ́yìn ní Gloucester, orin Haleluya ti Handel ni ó sì fi parí ìsìn náà. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, 1876. Wọn kò sin ín sí Gloucester. Exeter ni wọ́n gbé e lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti kú ní ìkókó nígbà tí wọ́n ń gbé ibẹ̀.