Monocyte ni, àbí mùdùnmúdùn egungun?

Ìbéèrè: Dókítà, ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní monocyte inú ẹ̀jẹ̀ ló ń di sẹ́ẹ̀lì dendritic tó ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ kòkòrò. Ìwé tí èmi kà ní inú mùdùnmúdùn egungun ló ti ń wá ní tààrà. Ta ni ká gbà gbọ́? — Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Màmá, ọmọ yín ò parọ́, ẹ̀yin náà ò sì ṣi ìwé kà. Inú àwo ilé ìwádìí ni tiẹ̀ ti wá, inú ara ni tiyín.

Ní 1994, Federica Sallusto àti Antonio Lanzavecchia fi èròjà méjì tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, GM-CSF àti IL-4, tọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ó sì di dendritic. Mo ti jókòó ti iṣẹ́ yìí rí. Lọ́jọ́ kìíní, monocyte á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo, róbótó. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, á ti já kúrò níbẹ̀, á léfòó, á yọ ẹ̀ka yíká bí igi. Ẹ̀ka yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ: dendron ni àwọn Gíríìkì ń pe igi. Ọ̀nà yìí rọrùn débi pé ọ̀pọ̀ wa gbàgbé pé àwo lásán ni.

Lára ẹni tí nǹkan ò ṣe, ìdílé ọ̀tọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú mùdùnmúdùn á bí ọmọ tí ọ̀nà rẹ̀ ti yà kúrò ní ti monocyte. Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ Flt3L ló ń tọ́ ọ. Eku tí kò bá ní Flt3L, dendritic rẹ̀ á kéré jọjọ. Ọmọ yìí á wọnú ẹ̀jẹ̀ láìtíì gbó, á yà sínú ìfun tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni yóò ti gbó. Monocyte wá ń kọ́? Ìgbà tí ibì kan bá wú, tí kòkòrò ti wọlé, ló sábà máa ń sáré wá kún wọn. (Ti awọ ara tún yàtọ̀: àwọn tí Paul Langerhans rí ní 1868, tó pè ní iṣan ìmọ̀lára, ti débẹ̀ kí wọ́n tó bí wa.)

Gbígbó náà ò tíì tán o. Ká ní ọ̀bẹ gé yín níka níbi tí ẹ ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́. Dendritic tó wà níbẹ̀ á gbé kòkòrò jẹ, á wá dáwọ́ jíjẹ dúró, á yọ CCR7 tó fi ń mọ̀nà, á rìn dé kókó abẹ́ abíyá yín, á fi èérún kòkòrò náà han T sẹ́ẹ̀lì, àwọn jagunjagun ara. Àwọn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Kókó tó wú tí ẹ ń fọwọ́ bà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ni.